Ẹ̀sùn Tí Àwọn Sóṣálístì Fi Kan Olówó

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí a ti parí ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, ọ̀kan nínú wọn dúró sẹ́yìn, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Bàbá, bí ènìyàn bá gba lébìrà mẹ́wàá, tí ó san gbogbo owó tí ó bá wọn ṣe àdéhùn rẹ̀, tí kò lù wọ́n, tí kò sì rẹ́ wọn jẹ, ṣùgbọ́n tí òun di ọlọ́rọ̀ láti inú iṣẹ́ wọn, nígbà tí àwọn kò rí ju oúnjẹ òòjọ́ lọ, ǹjẹ́ olúwarẹ̀ ṣẹ̀ bí?" Ó kù díẹ̀ kí a dá a lóhùn pé kò ṣẹ̀, nítorí pé àdéhùn ni àdéhùn ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan dá ọ̀rọ̀ náà dúró ní ẹnu wa.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi jẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò kan, àwa ni a sì ń kọ ìwé owó wọn. Ní ojú ewé kan náà ni a ti ń kọ owó àpò, owó kẹrosíìnì, owó ọkọ̀ àti owó ọ̀yà àwọn alágbàṣe tẹ̀lé ara wọn: àpò 40, agolo kẹrosíìnì 2, ènìyàn 17. A kò fi ọkàn sí i nígbà náà. Iṣẹ́ ti wa ni pé kí àpapọ̀ owó tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé bá ara mu, a sì máa ń fi èyí yangàn.

Ìbéèrè ọmọkùnrin yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń bi í ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Yúróòpù, ìjà tí ó sì ti ìdí rẹ̀ bẹ́ ti yí ayé padà. Ètò tí wọ́n ń pè ní kapitalísímù ni èyí tí ilẹ̀, ẹ̀rọ, ọkọ̀ àti owó-òwò fi jẹ́ ti àwọn ènìyàn díẹ̀, tí àwọn ìyókù kò sì ní ohun tí wọn yóò tà bí kò ṣe agbára apá wọn. Sóṣálísímù ni ẹ̀kọ́ àwọn tí ó wí pé irú àwọn ohun wọ̀nyí yẹ kí ó jẹ́ àjùmọ̀ní, kí a sì máa lò wọ́n fún ire gbogbo ènìyàn. Bí a ó ti ṣe é, ẹnu wọn kò kò. Àwa kò jókòó láti kọ̀wé òṣèlú. Ohun tí a fẹ́ wádìí ni ibi tí ẹ̀sùn wọn dúró lé. Kì í ṣe pé wọ́n ní ètò olówó kò lè mú ọrọ̀ wá. Karl Marx fúnra rẹ̀, nínú ìwé kékeré tí òun àti Friedrich Engels tẹ̀ jáde ní 1848, yin agbára tí ètò náà ní láti ṣẹ̀dá ọrọ̀ ju bí àwọn olówó tìkara wọn ti yìn ín lọ. Bí ọrọ̀ bá wà nígbà náà, kí ni ó kù tí kò tọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ojú rí. Ní Manchester àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, nígbà tí ẹ̀rọ ìrànwú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọmọdé a máa ṣiṣẹ́ wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Ní 1833 ni òfin kan jáde pé àwọn ilé ìrànwú kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò ì tíì pé ọdún 9, àti pé àwọn tí ó wà láàárín ọdún 9 sí 13 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 48 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kíyèsí i pé òfin àánú ni èyí! Ní 1842 ni a tó wá kọ̀ fún àwọn obìnrin àti fún ọmọkùnrin tí kò tó ọdún 10 láti máa sọ̀kalẹ̀ lọ wa èédú nínú ihò ilẹ̀. Àwọn tí ó tako irú òfin bẹ́ẹ̀ ní èsì kan tí ó dùn ún gbọ́: ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀wọ̀n mú òṣìṣẹ́ wá, ó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gba iṣẹ́, ó sì lè fi í sílẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò ì jẹun láti àná, irú ìfẹ́ inú wo ni ó kù fún un láti fi ṣe àdéhùn? Níhìn-ín ni gbòǹgbò àkọ́kọ́ ti ẹ̀sùn náà wà. Wọ́n ní àdéhùn tí a ṣe láàárín ẹni tí ó lè dúró de ọdún tí ń bọ̀ àti ẹni tí kò lè dúró de ọ̀la kì í ṣe àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ méjì.

Robert Owen, ọmọ ilẹ̀ Wales tí a bí ní 1771, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìṣe dáhùn. Ní 1800 ni ó gba àkóso ilé ìrànwú ńlá ní New Lanark ní ilẹ̀ Scotland. Nǹkan bí 2,000 ènìyàn ni ó wà ní àbúlé náà, àwọn ọmọ aláìní tí a kó wá síbẹ̀ sì tó 500. Owen kọ̀ láti máa gba ọmọ tí kò tó ọdún 10 sí iṣẹ́; ó dín wákàtí iṣẹ́ kù; ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ó ń ta ojúlówó ọjà ní owó tí kò wọ́n, ó sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ní 1816. Èrè ilé-iṣẹ́ náà kò sì tìtorí èyí gbẹ. Nígbà tí ó ń rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tí ó fi bẹ̀ wọ́n ni pé bí ẹ̀rọ aláìlẹ́mìí tí a tọ́jú dáradára bá ń mú èrè wá, mélòómélòó ni ẹ̀rọ tí ó ní ẹ̀mí yóò mú wá bí a bá tọ́jú rẹ̀. Àwa fẹ́ràn Owen, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ nítorí èrè ni a fi ń ṣàánú, kí ni a ó ṣe ní ọjọ́ tí ìkà bá mú èrè tí ó pọ̀ jù wá? Ó dà bí ẹni pé òun náà mọ̀ ọ́n lára nígbẹ̀yìn, nítorí ní 1825 ó ná owó rẹ̀ lé ìlú àjùmọ̀ní kan tí ó pè ní New Harmony ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìlú náà kò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ tí ìjà fi tú u ká.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ pé Owen kọ ẹ̀sìn sílẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn aláìgbàgbọ́ nìkan ni ó kọ irú nǹkan wọ̀nyí. Ní 1848, àwọn àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, F. D. Maurice àti Charles Kingsley, pẹ̀lú agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ J. M. Ludlow, bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Sóṣálístì Onígbàgbọ́. Ní 1850 Kingsley kọ ìwé kékeré kan nípa àwọn télọ̀ London. Ó fi hàn bí àwọn alágbàtà ti ń gba iṣẹ́ rírán lọ́wọ́ ilé ìtajà ńlá, tí wọ́n sì ń pín in fún àwọn tálákà tí ń rán an nínú yàrá kan tí gbogbo ìdílé ń sùn sí, níbi tí a ti ń fi ẹ̀wù tí a kò ì rán tán bo aláìsàn lórí ibùsùn. Aṣọ náà a wá dé ọrùn ọlọ́lá pẹ̀lú àìsàn tí ó gbé bọ̀. Ohun tí Kingsley ń wí ni pé ẹni tí ó ra ẹ̀wù ní owó pọ́ọ́kú, tí kò bèèrè ìdí tí kò fi wọ́n, ní ìpín nínú ohun tí a ṣe sí ẹni tí ó rán an. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé gbogbo wa, àwọn ọmọ wa tí ń wọ aṣọ tí a rán ní ilẹ̀ òkèèrè sì lè bèèrè rẹ̀ lónìí.

Nísinsìnyí kí a wá sọ̀rọ̀ Marx. Ará Jámánì ni, a bí i ní Trier ní 1818, ó sá wá sí London ní 1849, ó sì kú síbẹ̀ ní 1883. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí ó jáde ní 1867, Das Kapital, ó gbìyànjú láti fi hàn ibi tí èrè ti ń wá. Ó ní, bí òṣìṣẹ́ bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12, tí ó sì jẹ́ pé ohun tí ó ṣe ní wákàtí 6 àkọ́kọ́ ti tó láti san ọ̀yà rẹ̀, ti ta ni wákàtí 6 ìkẹyìn? Ti ọ̀gá ni, kò sì san kọ́bọ̀ fún un. Àwọn àgbà wa tí wọ́n mọ ìtàn ìwọ̀fà yóò tètè yé e. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé owó. Bí ó bá ṣe é fún ogún ọdún, owó tí a yá kò dín. Ìyàtọ̀ kan wà, Marx pàápàá sì tọ́ka sí irú rẹ̀ láàárín àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ fún onílẹ̀ ní Yúróòpù àtijọ́: ìwọ̀fà mọ àkókò tí ó jẹ́ ti olówó, ó sì mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. Alágbàṣe kò mọ̀ ọ́n. Owó tí a kà lé e lọ́wọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ dàbí ẹni pé ó san gbogbo wákàtí tí ó ṣe.

A kò sọ pé gbogbo ìṣirò yìí tọ́. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé púpọ̀ ti tako o, àwọn kan tí ó jẹ́ sóṣálístì sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni nǹkan mìíràn. Ní 1864, nígbà tí Marx bá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé kọ ìwé òfin wọn, wọ́n ní kí ó fi ọ̀rọ̀ nípa ojúṣe, ẹ̀tọ́, òtítọ́, ìwà rere àti òdodo sí i. Ó fi wọ́n sí i. Lẹ́yìn náà ó kọ̀wé sí Engels pé òun ti gbé wọn sí ibi tí wọn kò ti lè ba nǹkan jẹ́. Ẹ wo ọkùnrin tí ó pe èrè olówó ní olè jíjà nínú ìwé rẹ̀, tí ojú sì ń tì í láti dárúkọ òdodo! Àwọn ọ̀mọ̀wé ti bá ara wọn jiyàn lórí èyí gan-an. Ní 1972 Allen Wood, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé Marx kò fi ìgbà kan pe ètò olówó ní àìṣòdodo. G. A. Cohen dá a lóhùn ní 1983 pé Marx gbà á gbọ́ pé àìṣòdodo ni, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó mọ̀ pé òun gbà á gbọ́. Ní ti wa, ọ̀dọ̀ Cohen ni a wà. A kì í pe ènìyàn ní olè bí a kò bá gbà pé ẹ̀tọ́ wà. (Engels, tí owó rẹ̀ ń bọ́ Marx àti ìdílé rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé ìrànwú kan ní Manchester títí di 1869. Ayé kún fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.)

Èé ṣe tí ojú fi ń tì í? Ó gbà pé bí òjò ti ń tẹ̀lé ẹ̀ẹ̀rùn ni ètò tuntun yóò ṣe tẹ̀lé ti olówó, ẹnikẹ́ni kì í sì í wàásù fún òjò kí ó tó rọ̀. Cohen dàgbà nínú ìgbàgbọ́ yìí. Ní Montreal ni a ti bí i ní 1941, nínú ilé àwọn Kọ́múníìsì. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni ìyá rẹ̀, òun sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford. Ó dúró de òjò náà, kò rọ̀. Ó rí i pé àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí ayé fi ń jẹun àti àwọn tí ebi ń pa jù lọ kì í ṣe ènìyàn kan náà mọ́, àti pé nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kí a pín ọrọ̀ ní láti sọ ìdí tí ó fi tọ́.

Nínú ìwé kékeré kan tí a tẹ̀ ní 2009, ọdún tí ó kú, ó ní kí a wo àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ lọ pàgọ́ sí ẹ̀bá odò. Ẹnì kan mú ìkòkò wá, ẹnì kan mú ìwọ̀ ẹja, ẹnì kan mú bọ́ọ̀lù. Bí ẹni tí ó mọ ẹja í pa bá wí pé kí a fún òun ní èyí tí ó tóbi jù lójoojúmọ́, tàbí tí oníkòkò ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń sebẹ̀, gbogbo wọn yóò kà á sí ìwà àbùkù. Ohun tí ó ń bèèrè ni ìdí tí ìwà tí ó jẹ́ àbùkù ní ẹ̀bá odò fi di ọgbọ́n ní ọjà. Àwọn kan nínú yín yóò wí pé àáró àti ọ̀wẹ̀ ni èyí, àti pé sóṣálístì ni àwọn bàbá wa. Ẹ jẹ́ kí a rọra. Ọ̀wẹ̀ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àáró ní ìṣirò nínú: ọjọ́ tí mo bá ọ ro oko ni ìwọ yóò san padà. Cohen kò fẹ́ ìṣirò rárá. Àwọn bàbá wa kan náà sì ní ìwọ̀fà, wọ́n sì ní ẹrú.

Cohen kò purọ́ fún òǹkàwé rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ pé irú ìgbé-ayé bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n pé òun kò mọ bí a ó ti fi ṣe àkóso odidi orílẹ̀-èdè.

Ẹni tí ọkàn wa fà mọ́ jù nínú gbogbo wọn ni R. H. Tawney. Ní Calcutta ni a ti bí i ní 1880. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni òun àti William Temple, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury lẹ́yìn náà, jọ lọ. Láti 1908 ni ó ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Rochdale àti Longton láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìtàn lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ó kọ̀ láti jẹ́ ọ̀gágun, ó wà láàárín àwọn ọmọ ogun lásán títí ó fi di sájẹ́ńtì, a sì yìnbọn lù ú ní Somme ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, 1916.

Ní 1919 ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan lórí èédú, wọ́n sì fi Tawney sí i. Níwájú ìgbìmọ̀ yìí ni àwọn ọlọ́lá onílẹ̀ ti wá jẹ́rìí, Duke ti Northumberland wà lára wọn. Owó kan wà tí a ń san fún wọn lórí tọ́ọ̀nù èédú kọ̀ọ̀kan, nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ wọn ni èédú náà wà. Wọn kò wà á, wọn kò rí i rí, wọn kò fi owó sínú ihò náà. Ó dàbí ìṣákọ́lẹ̀ tí ń pọ̀ sí i bí àgbẹ̀ ti ń làágùn sí i. Láti inú irú nǹkan báyìí ni Tawney ti kọ ìwé rẹ̀ ti 1920, The Acquisitive Society. Kò lòdì sí ohun ìní. Àgbẹ̀ tí ó ní oko tí ó ń ro, oníṣẹ́-ọwọ́ tí ó ní irinṣẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n ní in. Ìbéèrè tí ó ń bi ohun ìní kọ̀ọ̀kan ni pé: iṣẹ́ wo ni ìwọ ń ṣe fún àwùjọ? Bí kò bá sí ìdáhùn, ohun ìní náà di ẹ̀tọ́ láti máa jẹ nínú òógùn ẹlòmíràn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ra ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ náà nípa òfin ti 1938, àwọn ihò èédú fúnra wọn sì di ti ìjọba ní 1947.

Nínú ìwé mìíràn, Equality, tí ó jáde ní 1931, Tawney fi àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú adágún máa fi ọkàn balẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ wọn ni yóò kú láìjẹ́ nǹkan kan, nítorí pé díẹ̀ nínú wọn yóò já ìrù sílẹ̀, wọn yóò fò gun ilẹ̀ gbígbẹ, wọn yóò sì máa wàásù fún àwọn ẹgbẹ́ wọn àtijọ́ nípa ìwà rere tí í sọ ọmọ di ọ̀pọ̀lọ́. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a kà á, nítorí pé àwa tí a kàwé, tí a di akọ̀wé, ti wàásù yìí rí.

Níbo ni Tawney gbé e kà? Nínú ìwé tí ó ń kọ fún ara rẹ̀ láàárín 1912 sí 1914, tí a kò tẹ̀ títí di 1972, ọdún 10 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó wí pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbà pé ènìyàn dọ́gba ní láti gba Ọlọ́run gbọ́, nítorí pé níwájú Ẹni tí kò ní òpin ni ìyàtọ̀ àárín ènìyàn ti di asán. Gẹ́gẹ́ bí katikíìsì, inú wa dùn sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi í bo òtítọ́. Owen kọ ẹ̀sìn sílẹ̀, Cohen kò gba Ọlọ́run gbọ́, wọ́n sì rí ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò rí láti orí ìjókòó wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀wẹ̀, kí a má ṣe jẹ́ aláìmoore sí òwò. Ní 1839 Thomas Fowell Buxton kọ̀wé pé òwò tòótọ́ ni yóò pa òwò ẹrú. Nítorí ìrètí yìí ni Henry Venn ti CMS àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, fi ran àwọn ará Abẹ́òkúta lọ́wọ́ láti máa ta òwú sí Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún lẹ́yìn 1850. Òwú tí ó kún Manchester nígbà náà, ọwọ́ àwọn ẹrú Amẹ́ríkà ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Nígbà tí ogun Amẹ́ríkà dá òwú náà dúró láti 1861, tí ebi sì ń pa àwọn òṣìṣẹ́ Lancashire, àwọn òṣìṣẹ́ kan péjọ ní Manchester ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1862, wọ́n kọ̀wé sí Ààrẹ Lincoln pé kí ó má ṣe dẹ̀yìn lẹ́yìn òmìnira àwọn ẹrú. Èrè tiwọn ni wọ́n ń sọ nù. Lincoln fèsì ní oṣù Kìíní, 1863.

Ohun tí a sì ṣe ní Rọ́ṣíà kò gbọdọ̀ ṣòro fún sóṣálístì láti dárúkọ. Nígbà tí ìjọba Stalin fi ipá gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ìyàn ti 1932 sí 1933 pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ní Ukraine, ní Kazakhstan àti ní ibòmíràn. Àwọn tí ó ṣe é rò pé ìtàn wà lẹ́yìn àwọn. Bí òdodo kò bá ní ìjókòó nínú ìwé òfin yín, ta ni yóò dìde wí fún yín pé, "Ó tó"? Òṣùwọ̀n tí Kingsley àti Tawney fi wọn olówó, pé ènìyàn kì í ṣe irinṣẹ́, òun náà ni a ó fi wọn Stalin, kò sì dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a ń sọ nínú ilé ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi náà, tí ìyá àwọn ọmọ wa sì ń gbọ́. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí ó ti abúlé wá, tí ń fọ abọ́, tí ń pọnmi, tí a ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ìyá wọn ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ẹ ti kọ ìwé owó fún àwọn ẹlòmíràn títí. Èwo ni tirẹ̀?" A dákẹ́. Nígbà tí ó ṣe, a mú ìwé kan, a kọ orúkọ ọmọ náà sí òkè rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù láti ọjọ́ tí ó ti dé. Oṣù 31 ni. A pè é láti bi í léèrè iye tí ó rò pé ó tọ́ fún oṣù kan, ó sì wo ilẹ̀, ó ní òun kò mọ̀, pé ẹnikẹ́ni kò bi òun rí.